Ọkọ̀ Tó Ń Ta Òórùn Àkàrà

Títí di òní, bí òórùn àkàrà bá ta sí mi nímú níbi tí n kò ti rí iná, àyà mi máa ń já. Ọkọ mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí aládùúgbò wa bá ń dín nǹkan lẹ́yìn ògiri, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Ìyá Hàbíbá, ilé kejì ni o, fara balẹ̀." Èmi náà á fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi á ti dé Ìlọ́fà kó tó padà, á ti dé agbo ilé bàbá mi, ní ọdún tí Bọ̀dá Kàdúná kó ọkọ̀ wálé nínú àpótí. Hàbíbá ọmọ mi ló tún jẹ́ kí n máa rántí rẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìlọrin, ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ń to ọkọ̀ eré ìje kan, àti pé wọ́n ti fi òun sí ìdí bíréèkì. Mo ní, "Ìdí kí ni?" Ó ní, "Bíréèkì, Màámi. Èmi ni n ó yan gbogbo ohun tó máa dá ọkọ̀ náà dúró, èmi náà ni n ó yan ẹni tí a ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀." Inú rẹ̀ ń dùn. Mo wá ibi tí n ó jókòó sí. Mo bèèrè ẹni tí yóò wa ọkọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó bá fúyẹ́ jù nínú wa ni. Ó jọ pé èmi náà ni."

Agbo ilé wa ní Ìlọ́fà kò tóbi. Yàrá tó yí àgbàlá ká kò pọ̀, igi ọsàn kan wà láàárín, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, oko iṣu bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà. Àkùkọ kọ́ ló máa ń jí wa. Bí àwọn àgbà bá ti kírun àsùbáà tán, ọlọ Yèyé ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi, kúlíkúlì ló sì ń ṣe. Á yan ẹ̀pà, á bó o, á fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, á lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà á máa ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọwọ́ méjèèjì pò ó, á máa fún un, títí òróró yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Mo máa ń jókòó tì í nítorí ìgbà tí òróró náà bá kọ́kọ́ yọ, torí ó máa ń dà bíi pé ẹ̀pà ń làágùn. Òróró yẹn ló fi ń dín kúlíkúlì, òun náà ló fi ń dín àkàrà fún wa láràárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, èyí tó bá kù ni yóò fi aṣọ funfun sẹ́ sínú ìgò. Ó mọ́ débi pé o lè rí ìka ọwọ́ rẹ láti òdì kejì, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí oyin tí a bomi là. Àwọn ènìyàn ń ti Osi àti Èrúkù wá rà á. Yèyé kò lọ sílé ìwé, kì í sì í sọ "ilé" tàbí "iṣẹ́" bíi tiwa. "Ulé" àti "uṣẹ́" ni tirẹ̀, bí àwọn àgbà ìlú wa ṣe ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá yin òróró rẹ̀, á ní, "Uṣẹ́ tí mo bá fọwọ́ mi ṣe nìkan ni mo lè búra fún."

Bọ̀dá Kàdúná ni àbúrò bàbá mi, òun sì ni Yèyé bí kẹ́yìn. Jímọ̀ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ọmọdé kò gbọdọ̀ pe àgbà lórúkọ, Kàdúná ló sì ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ọkọ̀ akẹ́rù kan já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú àpótí onígi rẹpẹtẹ. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún un. Ọkọ̀ eré ìje ni, irú èyí tí àwọn tó ṣe é kì í tò pọ̀; wọ́n á kó ẹ̀yà rẹ̀ sínú àpótí, ẹni tó bá rà á ni yóò tò ó fúnra rẹ̀. Yèyé wo àpótí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo àpótí. "Jímọ̀, o ní o ra ọkọ̀." "Òun nìyí, Yèyé." "Èyí? Egungun ọkọ̀ lo kó wálé. Ta ló jẹ ẹran ara rẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Bọ̀dá náà rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ọyẹ́ tó dé, òun ó ti tò ó tán, òun ó sì wà á nínú eré ìje kan tí wọ́n fẹ́ sá ní Kàdúná. Ó ní, "Yèyé, bó bá gbéra, afẹ́fẹ́ ò ní bá a." Yèyé kò rín mọ́. Ó ní, "N kò bèèrè bó ṣe ń sáré. Bó ṣe ń dúró ni mo fẹ́ gbọ́." Bọ̀dá lọ ṣí àpótí tó kù kó lè fi bíréèkì hàn án. Omi òjò ti wọ àpótí yẹn lọ́nà. Gbogbo irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, rọ́bà rẹ̀ ti rà. Nínú gbogbo àpótí náà, bíréèkì nìkan ni omi wọ̀. Mo rántí bí ẹ̀rín ṣe kúrò lẹ́nu gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Báyìí ni ilé wa ṣe di ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bíréèkì tàárọ̀ talẹ́, lórí ọbẹ̀, lórí omi àlùwàlá, lórí ẹní. Bàbá mi kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, àgbẹ̀ oníṣu ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń rajà. Ó máa ń sọ pé kí ènìyàn tó ná ebu iṣu tó fẹ́ gbìn, kó kọ́kọ́ bèèrè oko tó ti wá. Ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta bíréèkì tuntun tí wọ́n fi ọ̀rá dídán wé. Bàbá mi ní, "Níbo ni wọ́n ti ṣe é?" Ọkùnrin náà ní, "Òkè òkun ni, Bàbá." "Òkun wo?" "Bàbá, bíréèkì lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ tí ẹ fi ń wádìí ìdílé?" Bàbá mi na ọwọ́ sórí tábìlì. Ó mú páàdì kan, ìyẹn èyí tó máa ń fún àwo irin mọ́ra kí táyà tó lè dúró, ó fi ìṣó ha á. Ó rún bíi kúlíkúlì àná. Ó rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ yìí kò tíì tó fẹ́." Wọ́n padà wálé lọ́wọ́ òfo, inú Bọ̀dá sì ń bí i, nítorí ọyẹ́ ti ń sún mọ́lé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó fi ìbéèrè pa eré yìí." Bàbá mi ní, "Kí ìbéèrè pa eré. Kí eré má pa ọ́."

Ẹlòmíràn wà ní Òmù-Àrán tó ń ta tòkúnbọ̀. Gbogbo wa la jọ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, torí Yèyé fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, èmi ni n ó sì bá a rù ú. Ọkùnrin yẹn kò fọ́nnu. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọkọ̀ tó tú àwọn irin náà lára rẹ̀ hàn wá, ó ní, "Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbá a. Ẹ wo iwájú rẹ̀, kò ní ẹyọ àpá kan." Inú bàbá mi dùn sí èyí: ó ti rí oko tí ebu ti wá. Wọ́n yan kálípà níbẹ̀, irin tó máa ń há àwo bíréèkì sáàárín bí ẹ̀mú, wọ́n sì ń yan àwo náà lọ́wọ́ nígbà tí Yèyé gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Ó mú àwo irin kan, ó fi okùn kọ́ ọ láàárín, ó fi ìka kàn án, bó ṣe kan ìkòkò ní ìsọ̀ amọ̀kòkò ṣáájú. Ó dún *gbọ̀ọ̀n*. Ó mú òmíràn, *gbọ̀ọ̀n*. Èyí tó tẹ̀ lé e dún *pà*. Yèyé ní, "Èyí ti sán." Olùtajà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, irin nìyẹn o, kì í ṣe amọ̀." Bọ̀dá da bẹntiróò sí aṣọ, ó nu àwo náà dáadáa, ó gbé e sínú oòrùn. Ìlà kan wà lára rẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun orí. Olùtajà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó jù ú sẹ́yìn, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Bọ̀dá ń pariwo fún gbogbo èrò pé ìyá òun ni ọ̀gá mẹkáníìkì. Yèyé yí ojú síta, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé òun náà wà lára àwọn tó ń to ọkọ̀.

Bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n ra ohun gbogbo lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ní irin lè jẹ́ àlòkù, ṣùgbọ́n rọ́bà àti páàdì kò gbọdọ̀ jẹ́ àlòkù láé. Kàdúná ni àwọn yẹn ti wá, láti ibi tí Bọ̀dá ti mọ olùtajà wọn dáadáa, a sì dúró títí awakọ̀ kan fi gbé wọn dé. Òun ló gbé agolo kékeré kan wá pẹ̀lú wọn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bọ̀dá ṣí agolo náà, tó sì ń dà á sínú abọ́ kékeré tó wà níwájú ọkọ̀. Yèyé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí lèyí?" Àwọn mẹkáníìkì ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n Bọ̀dá fẹ́ kó yé ìyá rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Òróró bíréèkì ni, Yèyé." "Òróró? Kí ló ń ṣe?" "Òun ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ mi dé ìdí táyà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ níbí, òun ló máa lọ fún àwo lọ́hùn-ún." "Bí kò bá sí òróró ńkọ́?" "Ọkọ̀ ò ní dúró nìyẹn." "Bó bá dín kù?" Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ń dán. "Bó bá dín kù, Yèyé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ funfun." Ìyá mi pariwo láti ilé ìdáná pé kó má fi ẹnu rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Yèyé kò pariwo. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo inú abọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Ohun inú agolo náà kò kún abọ́ dé ẹnu. Bọ̀dá ní èyí tó wà níbẹ̀ tó, ṣùgbọ́n òun ti ránṣẹ́ sí Kàdúná fún òmíràn.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde. Kì í ṣe ọjọ́ àkàrà. Bọ̀dá ṣí iwájú rẹ̀, abọ́ náà kún. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti gba agolo kejì, ó sì ti dà á sí i. Bàbá mi rò pé Bọ̀dá ló da nǹkan kún un. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀, nínú ilé tí wọ́n ti bèèrè gbogbo nǹkan. Gbogbo wa dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ní ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti parí. Bọ̀dá wà á gòkè, ó yí padà, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró níwájú wa gan-an, bí ẹni pé ọwọ́ kan mú un. A pàtẹ́wọ́. Ó tún lọ, ó tún dúró. Nígbà tó ń gòkè lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ náà ń fà, bí ẹranko tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀, èéfín funfun díẹ̀ sì ń jáde nídìí táyà iwájú. Bàbá mi pariwo pé kó dúró, àmọ́ ó ti yí padà lókè. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ òórùn àkàrà. Ebi ń pa mí, inú mi dùn. Mo ní, "Màámi, ta ló ń dín àkàrà?" Ìyá mi ní, "Ta ló ń dín àkàrà lónìí? Kò síná nílé." Yèyé gbé imú sókè. Mo ń wo ojú rẹ̀, torí náà mo rí i. Ojú náà kàn tú ká. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Òróró mi nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni Yèyé, tí n kò rí kó sáré rí láyé mi, ká ìró rẹ̀ sókè, tó ń sáré gun ọ̀nà lọ pàdé ọkọ̀ náà, tó ń ké pé, "Jímọ̀! Bọ́lẹ̀! Jímọ̀, bọ́lẹ̀!"

Ọkọ̀ ti gbéra. Mo rí ẹsẹ̀ Bọ̀dá tó ń tẹ bíréèkì, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tẹ̀ ẹ́, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó kọjá lára Yèyé bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ aṣọ, ó kọjá níwájú wa, ó sì wọ oko bàbá mi. Ebè iṣu ló dá a dúró. Ó fọ́ ebè kan, ó fọ́ òmíràn, erùpẹ̀ àti iṣu ń fò sókè, títí imú ọkọ̀ náà fi wọlẹ̀ tó sì dákẹ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú Bọ̀dá là, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Nǹkan kan ń kán láti ìdí táyà sórí irin gbígbóná, ó ń ta *ṣàà*, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo oko. Bọ̀dá na ọwọ́, ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ẹ̀pà."

Yèyé dé, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Èmi ni. Mo rí i pé kò kún. O ní bó bá dín kù, wàá kú. Èyí tó mọ́ jù nínú ìgò mi ni mo dà sí i. Mo ṣe Bìsìmílà kí n tó dà á." Ó wo bàbá mi, ó wo ìyá mi, ó wo ọmọ rẹ̀ tó nà gbalaja sórí ebè. "Jímọ̀, ṣé òróró kọ́ lo pè é?" Títí di òní, n kò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Bọ̀dá ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé nǹkan tó wà nínú agolo yẹn kì í ṣe òróró rárá, bí ó tilẹ̀ fi àwọ̀ jọ ọ́, àti pé rọ́bà bíréèkì kò gbọdọ̀ fojú kan òróró gidi. Rọ́bà máa ń mu ún ni, á sì wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Páàdì ti kọ́kọ́ há mọ́ àwo, ó jẹ́ kó gbóná. Lẹ́yìn náà ni òróró náà jò tán. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sí aláìbìkítà kan nínú wọn. Bàbá mi ti wádìí ibi tí irin kọ̀ọ̀kan ti wá. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ yẹn, òróró Yèyé nìkan ni gbogbo ilé lè búra fún.

Oníṣègùn eegun to itan Bọ̀dá, ó sì jinná, ṣùgbọ́n kò sá eré náà, kò sì sá òmíràn mọ́. Èyí tí èmi rántí jù ni ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀. Wọ́n á kírun tán, n ó dùbúlẹ̀ máa retí ọlọ, kò ní dún. Yèyé kò fọwọ́ kan ẹ̀pà. Ó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí Bọ̀dá dùbúlẹ̀ sí, kì í wọlé, kì í lọ. Ní ọjọ́ kan Bọ̀dá pariwo láti orí ẹní pé, "Èmi ni mo fún nǹkan lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní òróró nínú ilé yìí." Bàbá mi ní, "Kí la ó máa pè é?" "Omi bíréèkì." "Wọ́n á bu omi sí i." Ìyá mi ní, "Ẹ pè é ní oyin." Bàbá mi ní, "Ràmátù á lá a." Èmi ni Ràmátù. Ẹ̀rín fẹ́ pa Bọ̀dá, itan sì ń dùn ún, ó ń rín, ó ń pariwo. Nígbà náà ni Yèyé sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀. Ẹ pè é ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ̀. Kò sí ìyá tó máa bu ẹ̀jẹ̀ sí nǹkan kan láì kọ́kọ́ bèèrè." Ó dìde, ó sì wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ dún.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún Hàbíbá láti kékeré, nítorí náà kò yà á lẹ́nu pé mò ń pè é lójoojúmọ́. Ó ní àwọn tó ń ta ohun tí òun ń wá pọ̀: ẹnì kan wà lókè òkun tó ń fi ìwé ẹ̀rí gbogbo nǹkan hàn, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ń pẹ́, ẹnì kan wà ní Ìlọrin tó ń tú kálípà lára ọ̀kadà ńlá, ọkọ̀ àwọn sì fúyẹ́, yóò gbà á. Mo ní, "Ọ̀kadà wo? Kí ló ṣe é? Ṣé o rí i fúnra rẹ?" Ó ní, "Màámi, ṣé kóòtù nìyí ni?" Mo ní kó dáhùn. Ó ní, "Mo rí i. Kálípà ni n ó rà lọ́wọ́ tìbí, ìyókù di ti òkè òkun, bó ti wù kó pẹ́ tó. Irin lè jẹ́ àlòkù, Màámi, ṣùgbọ́n rọ́bà àti páàdì, rárá." N kò sọ apá yẹn nínú ìtàn náà fún un rí. Bàbá mi sì ti kú kí n tó bí i.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ wò ó. Mo di ẹrù bí ìyá ṣe ń dì í: gààrí, ẹ̀lùbọ́, kúlíkúlì, nǹkan ọbẹ̀. Ibi iṣẹ́ wọn ni mo gbà lọ tààrà, torí ó ní ibẹ̀ lòun wà. Ọkọ̀ náà kéré, ó rẹwà, kò ju kí èèyàn kan jókòó sínú rẹ̀ lọ. Hàbíbá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nídìí táyà, ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Ẹ káàbọ̀, Màámi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹrù ọwọ́ yín sórí tábìlì yẹn, mò ń bọ̀." Mo yíjú sí tábìlì. Ìgò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ṣí, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí a bomi là. Abọ́ kékeré iwájú ọkọ̀ náà ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, kò kún. Mo wá wo ohun tí mo gbé lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà ni, èyí tí mo fún fúnra mi, tí mo fi aṣọ funfun sẹ́.

N kò mọ bí mo ṣe dé ìta. Abẹ́ igi kan tó jìnnà sí ibẹ̀ ni mo bá ara mi, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdérí rẹ̀. Hàbíbá sáré jáde. "Màámi, kí ló dé? Kí lẹ ń ṣọ́ níbẹ̀ yẹn?" Lẹ́yìn náà ló rí kẹ́ẹ̀gì náà. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Mo ní, "Lọ parí uṣẹ́ rẹ. Bí o bá ti fi ìdérí dé ẹ̀jẹ̀ ọkọ̀ náà tán, kí o wá pè mí."